Ẹnì Kan Ló Ń Rìn

Aṣọ funfun ni Mẹkáníìkì kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ńlá kan ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ ni, ooru ṣì ń yọ lára rẹ̀. Ó fẹ́ sókè, ó wá rọra ń sọ̀ kalẹ̀. Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni iwájú orí obìnrin kan ń yọ, lẹ́yìn náà ojú, lẹ́yìn náà ẹ̀rín. Obìnrin náà wò ó bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ní kó wá dí àyè aláboyún wa?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n mi ò lóyún o."

Gbogbo àwọn obìnrin tó wà nídìí tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti ọkùnrin náà díẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

Iléeṣẹ́ ìfọṣọ ni. Aṣọ ọsibítù àti aṣọ òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fọwọ́ tì ń gbé e wọlé, kẹ̀kẹ́ ń gbé e jáde. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ló ń mú un gbẹ, ẹ̀rọ ló ń lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀rọ níbẹ̀ tó lè ká a. Ọwọ́ èèyàn méjì ló ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ẹnì kan lọ fún ìsinmi ìbímọ tí wọn kò sì gba ẹlòmíì sí i, iṣẹ́ wọ àwọn tó kù lọ́rùn, ni wọ́n bá ní kí Mẹkáníìkì tó ń tún ẹ̀rọ ṣe gbé sípánà rẹ̀ sílẹ̀ ná.

Obìnrin tó rẹ́rìn-ín sí i yìí, Jẹ́jẹ́ ni gbogbo iléeṣẹ́ ń pè é. Kò sẹ́ni tó rí i kó sáré rí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó tirẹ̀ nídìí aṣọ.

"Ẹ di igun méjèèjì mú," ó ní. "Èmi ni adúró, ẹ̀yin ni arìn. Tí a bá ti nà án, tí a ṣẹ́ ẹ po, ẹ̀yin lẹ máa rìn wá bá mi. Èmi ò ní kúrò lójú kan."

"Kí ló dé tí ẹ̀yin ò fi ní rìn?"

"Ẹni tó bá fẹ́ aṣọ ló ń wá bá mi. Ẹ gbọ́ o, ẹnì kan ló ń rìn. Bí àwa méjèèjì bá jọ rìn, àárín aṣọ á dẹ̀, á kan ilẹ̀. Aṣọ ọsibítù tó bá sì ti kan ilẹ̀, wọ́n á tún un fọ̀ ni."

Ó gbọ́. Ó tilẹ̀ mi orí pé òun gbọ́. Àmọ́ bí wọ́n ṣe na aṣọ àkọ́kọ́ tán, ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́yìn Jẹ́jẹ́ kígbe "Àgò o!" Jẹ́jẹ́ sún síwájú láti fún un láyè. Mẹkáníìkì rò pé ó ń bọ̀ ni, òun náà sì kù gìrì síwájú. Gbì! Orí kan orí. Aṣọ náà balẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹlẹ́rọ yìí," Jẹ́jẹ́ ní, ó ń fọwọ́ ra iwájú orí, "ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń kọlu ẹ̀rọ náà ni?"

"Rárá o. Ẹ̀rọ kì í rẹ́rìn-ín sí mi."

Wọ́n jọ gbé aṣọ náà padà lọ sínú ìfọṣọ, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, iléeṣẹ́ a máa fún wọn ní ìsinmi ráńpẹ́, pẹ̀lú tíì àti búrẹ́dì. Orí àpò ọṣẹ ni wọ́n máa ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni Ìyá Èjìká ti máa ń dá gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Òun ló dàgbà jù láàárín àwọn aká-aṣọ. Orúkọ rẹ̀ wá láti ara èjìká ọ̀tún tó ń dùn ún, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

"Iléeṣẹ́ wa yìí ò burú," Mẹkáníìkì sọ lọ́jọ́ kan. "Bọ́ọ̀sì ń gbé wa wá, ó ń gbé wa lọ. Kílíníìkì wà. Tíì wà."

"Ọmọ mi," ni Ìyá Èjìká dáhùn, "iléeṣẹ́ tó bá fún ọ ní tíì, tó tún fún ọ ní dókítà, ó ti mọ̀ pé ara máa ro ọ́ ni."

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ẹsẹ̀ Mẹkáníìkì mọ ọ̀nà. Yóò rìn lọ bá Jẹ́jẹ́, yóò kó igun aṣọ lé e lọ́wọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ mú ibi tó ṣẹ́, yóò padà sẹ́yìn. Ìgbàkigbà tó bá débẹ̀, ìka wọn á kan ara wọn. Ó ń sọ fún un nípa ẹ̀rọ tó máa ń hanrun bí arúgbó. Jẹ́jẹ́ náà ń sọ fún un nípa bàbá rẹ̀ tó jẹ́ pé inú iléeṣẹ́ yìí kan náà ló ti ti kẹ̀kẹ́ aṣọ tútù títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bàjẹ́. Nígbà tó yá, "ẹ" tí Jẹ́jẹ́ fi ń bá a sọ̀rọ̀ di "o", òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ ọjọ́ tó yí padà.

Kẹ̀kẹ́ aṣọ mẹ́fà ni àwọn yòókù, ní méjì-méjì, ń ká tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn méjèèjì yìí, mẹ́sàn-án ni, ó sì ń ṣe wọ́n bí ẹni pé wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìgbà míì tíì wọn á tutù síbi tí wọ́n gbé e sí, nítorí wọn kò rántí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Mẹkáníìkì rìn dé ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́, kò sì padà sẹ́yìn.

"Jẹ́jẹ́."

"Kẹ̀kẹ́ ń dúró dè wá o."

"Jẹ́ kó dúró. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Jẹ́jẹ́ wo aṣọ tó wà láàárín wọn, ó tún un tò, kò sì sí ohun tó ń ṣe aṣọ náà. "Mo ti gbọ́," ó ní.

"Kí wá ni èsì?"

"Láti ọjọ́ tí o ti ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ṣé mo sá rí?"

Lọ́jọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí Mẹkáníìkì ká gbogbo aṣọ tó wà láyé, yóò ní kí wọ́n kó o wá.

Ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ ló lọ kí bàbá Jẹ́jẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá ní kó dìde, òun kò lè bẹ̀rẹ̀ fà á sókè. Aago ńlá kan wà lára ògiri, orúkọ iléeṣẹ́ wà lójú rẹ̀. Òun ni wọ́n fún bàbá lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì.

"Aago yẹn dára o," bàbá ní. "Títí dòní ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn mi ni kò ṣiṣẹ́ mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, Mẹkáníìkì ò mọ̀ bóyá kí òun náà rẹ́rìn-ín.

"Mi ò kórìíra rẹ, ọmọ. Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ rẹ títí etí mi fi kún. Ṣùgbọ́n orí ìdúró ni mo wà ní iléeṣẹ́ yẹn ní gbogbo ayé mi, ìwọ náà wò mí. Ẹni tó máa fẹ́ ọmọ mi, mo fẹ́ kó jẹ́ ẹni tó ní àga tó ń jókòó sí. Jáde lọ wá àga, kó o padà wá."

Jẹ́jẹ́ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Má dá bàbá mi lóhùn," ó ní. "Ẹ̀yìn ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe òun." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àga ti wọ Mẹkáníìkì lára.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Mádàámù ránṣẹ́ pè é. Mádàámù ni máníjà wọn, obìnrin tí kì í pariwo, tó máa ń to ìwé orí tábìlì rẹ̀ kó tó la ẹnu. Ó ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan fẹ́ máa kó aṣọ wá, òun sì fẹ́ mọ ohun tí agbára àwọn òṣìṣẹ́ ká kí òun tó fọwọ́ síwèé.

"Ẹ ti ká aṣọ pẹ̀lú wọn. Kẹ̀kẹ́ mélòó lèèyàn méjì lè ká lóòjọ́, tí kò ní pa wọ́n lára?"

Ojú Jẹ́jẹ́ ló wá sí Mẹkáníìkì lọ́kàn, àti ẹ̀rín rẹ̀. Orí rẹ̀ wú. "Mẹ́sàn-án, Mádàámù. Mẹ́sàn-án ni àwa ń ká, a tún ń rẹ́rìn-ín."

"Pẹ̀lú ìsinmi tíì náà?"

"Tíì kẹ̀! A kì í tilẹ̀ í rántí rẹ̀ mọ́."

Mádàámù kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó ní òun ti ń wá ẹni tó máa ṣe alábòójútó àwọn aká-aṣọ, ó sì jọ pé òun ti rí i. Yàrá kékeré onígíláàsì ló máa wà, àga tó ń yí wà níbẹ̀. Mẹkáníìkì jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ìfẹ́ ń pa bí ọtí, òwe wo ló fẹ́ rántí?

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Mádàámù wá sí ìdí tábìlì fúnra rẹ̀. Ó kí wọn dáadáa. Ó ní láti òní lọ, kẹ̀kẹ́ mẹ́sàn-án ni èèyàn méjì yóò máa ká, kò sì ní sí ìsinmi tíì mọ́, kí oníkálùkù máa mu tirẹ̀ bó bá ráyè.

"Mẹ́sàn-án!" Ìyá Èjìká di èjìká rẹ̀ mú. "Ta ló sọ pé a lè ṣe é?"

"Alábòójútó yín ni," Mádàámù dáhùn, kò sì sí ìkà kankan nínú ohùn rẹ̀. "Ó ní òun àti Jẹ́jẹ́ ń ká a, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín."

Gbogbo ojú yí sí yàrá onígíláàsì. Mẹkáníìkì wà lórí àga. Ó fẹ́ dìde, ó fẹ́ jókòó, ó wá wà láàárín méjèèjì. Ti Jẹ́jẹ́ nìkan ni kò lè wò nínú gbogbo ojú wọ̀nyẹn.

Nírọ̀lẹ́ ó dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," ni Jẹ́jẹ́ kí i. "Ẹ" yẹn gún un ju èébú lọ.

"Jẹ́jẹ́, má pè mí bẹ́ẹ̀. Nítorí tiwa ni mo ṣe gba àga yẹn. Bàbá rẹ…"

"Mo mọ ohun tí bàbá mi wí. Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Kẹ̀kẹ́ mẹ́sàn-án tí à ń ká yẹn, kí ló mú wa ká a?"

Mẹkáníìkì wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ rò pé iṣẹ́ ni? Ìfẹ́ ni. Èmi ò rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe nígbà yẹn. Ohun tó jẹ́ tàwa méjèèjì nìkan, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ẹ̀yin lẹ mú un lọ fún Mádàámù. Ẹ wá gbé e lé ìyá tí kò lè na ọwọ́ sókè lórí, ẹ ní kó ṣe é bíi ti olólùfẹ́." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ padà lọ jókòó sórí àga yín."

Ó wọ bọ́ọ̀sì. Mẹkáníìkì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, ọ̀nà náà sì jìn.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kò rọgbọ fún ẹnikẹ́ni. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Kò sí ẹ̀rín nídìí tábìlì mọ́, àpò ọṣẹ wà lófìfo. Láti inú gíláàsì ló ti ń wò wọ́n. Nígbà tó rí Ìyá Èjìká tó fi eyín di igun aṣọ mú, nítorí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀ láti gòkè, ó dìde. Ó bọ́ sí ìdí tábìlì, ó ní kí ẹni tó ń bá ìyá ká aṣọ lọ sinmi.

"Kí lo wá ṣe níbí, ọ̀gá oníjókòó?" ìyá bi í.

"Mo wá bá yín ká a ni, mà."

"Ó dáa. Má fà mí o. Èmi kì í ṣe Jẹ́jẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tí kò mọ̀. Bó bá gbé aṣọ sókè bó ti máa ń gbé e, ọwọ́ ìyá kì í lè bá a débẹ̀. Àfi kó tẹ orúnkún ba, kó fi aṣọ sílẹ̀ dé ibi tí èjìká ìyá lè dé, kó máa rìn báyẹn ní àbọ̀ ìdúró títí wọ́n á fi ká aṣọ kan, kí wọ́n tó tún mú òmíràn. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọn kò tíì ká mẹ́fà tán, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti le bí igi. Ó rántí bàbá Jẹ́jẹ́ tí kò lè bẹ̀rẹ̀ fa ọmọkùnrin kan sókè nílẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi, mà," ó ní.

Ìyá Èjìká fi ọwọ́ òsì gbá a léjìká. "Ìka ò dọ́gba, ọmọ mi. Èyí tó gùn jù lo wọ̀n, o wá ní kí gbogbo wa gùn tó o. Inú mi ò dùn, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ ọmọge rí. Mo mọ ohun tó ń pa ọ́. Lọ tún un ṣe."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn Mádàámù.

"Iye tí mo sọ fún yín kì í ṣe iye iṣẹ́, mà. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin tí mo bá ká a. Ẹni tó bá wà nínú ìfẹ́, ẹ kò lè fi wọn iṣẹ́ ẹlòmíì. Mẹ́fà ni, pẹ̀lú ìsinmi."

Mádàámù to ìwé orí tábìlì, kò sì sí ohun tó dà rú lára wọn. "Mo ti fọwọ́ síwèé pẹ̀lú òtẹ́ẹ̀lì. Bí mo bá padà lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá òkè, wọ́n á ní ta ló ṣi mí lọ́nà."

"Ẹ ní èmi ni."

"Àga yẹn á lọ o."

"Kó lọ, mà."

Mádàámù gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé. "Èmi àti ọkọ mi náà, ibi iṣẹ́ la ti pàdé," ó ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "A kì í mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú." Ó wá tẹ́ ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́ yàrá onígíláàsì.

Àwọn ọ̀gá òkè bínú, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí òtẹ́ẹ̀lì lọ. Wọ́n gba aká-aṣọ tuntun sí i, ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe láti ìgbà tí aláboyún ti lọ bímọ. Kẹ̀kẹ́ padà sí mẹ́fà. Tíì padà wá, àwọn àpò ọṣẹ sì tún rí ẹni jókòó lé wọn lórí. Mẹkáníìkì padà sídìí ẹ̀rọ tó ń hanrun. Kò lọ bá Jẹ́jẹ́, torí kò mọ ẹnu tí òun yóò fi bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó wà lábẹ́ ẹ̀rọ nígbà tó rí bàtà obìnrin méjì tó dúró, wọn kò kúrò lójú kan. Ọwọ́ kan gbé ife tíì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀.

"Mu ún kó tó tutù," ni Jẹ́jẹ́ wí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti lọ kí Mẹkáníìkì tó lè jáde. Ṣùgbọ́n "mu ún" ló wí. Kò sọ pé "ẹ mu ún". Mẹkáníìkì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ìdí ẹ̀rọ, epo ń kán sí i lójú.

Nígbà tí òpin ọ̀sẹ̀ dé, ó tún padà lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá.

"Ṣé o ti rí àga?"

"Mo rí i, bàbá. Mo ti dá a padà."

"Mo gbọ́." Bàbá wo aago ara ògiri títí. "Gbogbo ìgbà tí mo fi ti kẹ̀kẹ́, àwọn èèyàn jókòó sórí àga yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn gíláàsì ni wọ́n ti ń wò wá. N kò rí ẹyọ kan tó dìde. Àṣé mi ò mọ ohun tí mò ń béèrè." Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. "Ó wà lẹ́yìn, ó ń ká aṣọ lórí okùn. Lọ bá a. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ."

Jẹ́jẹ́ ti fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀ kúrò lórí okùn, ó sì ń wá bí yóò ṣe dá a ká. Ó na igun méjì sí Mẹkáníìkì, ìyẹn gbà á, wọ́n nà án, wọ́n ṣẹ́ ẹ po. Mẹkáníìkì gbé ẹsẹ̀ kan bó ti máa ń ṣe.

"Dúró níbẹ̀," Jẹ́jẹ́ ní.

Ó dúró.

"Mo bínú sí ọ gan-an."

"Mo mọ̀."

"Mo rò pé tí o bá fẹ́ mi, wàá tún gba àga míì láti fi wá mi. O ò gba nǹkan kan. O kàn tẹ orúnkún rìn fún ìyá yẹn láti àárọ̀ dalẹ́. Mò ń wò ọ́ lọ́jọ́ yẹn, o ò mọ̀." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ìwọ lo ti ń rìn bọ̀ látọjọ́ yìí, olólùfẹ́ mi. Lónìí, èmi ni mo máa rìn."

Jẹ́jẹ́ tí kì í kúrò lójú kan gbé ẹsẹ̀. Ó ń rìn bọ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ó yẹ kí Mẹkáníìkì dúró, wọ́n ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́. Òun náà kù gìrì síwájú bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́, orí wọn sì pàdé ní àárín ẹ̀yìnkùlé, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sí èyí tó fẹ́ gbé tirẹ̀ kúrò.

"Fẹ́ mi," Jẹ́jẹ́ ní.

"Mo ti fẹ́ ọ tipẹ́," Mẹkáníìkì dáhùn.

Láti ojú fèrèsé ni bàbá ti kígbe. "Aṣọ mi ti kan ilẹ̀ o! Ẹ wo aṣọ mi! Ta ló máa tún un fọ̀ báyìí?"

Jẹ́jẹ́ kò yí ojú padà.

"Àwa méjèèjì ni, bàbá," ó ní. "Àwa méjèèjì la ó jọ máa fọ̀ ọ́."